Okùn Kan, Okùn Mẹ́rin

Ẹni tó bá ti dàgbà tó láti fi náírà kan oníbébà ra gúgúrú mọ ojú Herbert Macaulay dáadáa. Láti 1979 ni wọ́n ti tẹ àwòrán rẹ̀ sára owó pupa yẹn: irùnmú tó nà sọ́tùn-ún sósì, kọ́là funfun, táì kékeré lọ́rùn. Nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé òun ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, pé ó bá ìjọba òyìnbó fà á lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó, pé wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Kò sí tíṣà kankan tó sọ fún wa pé ó máa ń ta fayolíìnì. Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi ní Kàbà. Ọ̀gá akọrin ni bàbá mi, òun ló ń tẹ dùrù aláfẹsẹ̀tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyá mi ló ń gbe ohùn kejì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fọn fèrè. Nílé wa, a kì í jẹun alẹ́ tán kí ẹnì kan má tíì gbé orin. Nígbà tí wọ́n ra fayolíìnì àlòkù fún mi, àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní òyìnbó dúdú. Bàbá mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ jàre, pé ọmọ-ọmọ Àjàyí Crowther ti ń ta á kí wọ́n tó bí òun gan-an sáyé.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gbé ní Otokiti, ní Lọ́kọ́ja níbí, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní fayolíìnì lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wọn wá máa ń bi mí bóyá nǹkan tiwa ni èyí, àbí ti òyìnbó. Ìdáhùn mi kì í kúrú. Ìlú tí wọ́n dúró sí tí wọ́n ti ń béèrè gan-an wà nínú rẹ̀.

Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ àwọn gẹ̀ẹ́sì gba Odò Ọya gòkè wá síbí ní 1841, nígbà tí wọ́n láwọn fẹ́ dá oko àpẹẹrẹ sílẹ̀, tí ibà sì pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà. Ó tún padà wá ní 1857 pẹ̀lú Dókítà Baikie, ẹni tó wá fìdí kalẹ̀ sí Lọ́kọ́ja ní nǹkan bí 1860, níbi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Abigail ọmọ rẹ̀ bí ọkùnrin kan ní Èkó. Ọkùnrin náà ni Herbert. Nítorí náà, ìgbà tí bàbá àgbà ń fi ọkọ̀ ojú omi gòkè sọ̀ láàárín Èkó àti ibi tí à ń gbé yìí, tó ń dá ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé sílẹ̀ létí omi, ni ọmọ-ọmọ ń kọ́ ìrìn.

Orin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé tí wọ́n bí i sí. Thomas Babington Macaulay, bàbá rẹ̀, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ilé ìwé girama àkọ́kọ́ ní Èkó. Owó ìwé kò sí. James Davies, oníṣòwò tó tún ní ọkọ̀ òkun, ló fún un ní 50 pọ́n-ùn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Davies yìí sọ́kàn, a ṣì ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀.) Àwọn ọmọ ilé ìwé náà ni Macaulay bàbá ń kó jọ fún kọ́ńsáàtì: orin ẹlẹ́gbẹ́, ewì tí wọ́n kọ́ sórí, dùrù. Nígbà tó fi máa di 1866, àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé ti ní ilé àpéjọ tí wọ́n pè ní Academy, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sì ni bàbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé náà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Robert Coker, tó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti lọ kọ́ orin ní Jámánì, wọ́n sì ń fi í wé Mozart. Nígbà tí ìwé ìròyìn pọ̀ sí i ní Èkó lẹ́yìn 1880, kọ́ńsáàtì kì í kọjá kí wọ́n má sọ ẹni tó kọrin dáadáa àti ẹni tí ohùn rẹ̀ sá lọ lójú agbo.

Àárín irú àwọn ènìyàn báyìí ni Herbert dàgbà sí. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí olóde mú bàbá rẹ̀ lọ ní oṣù kìíní ọdún 1878, kò tíì ju bí ọdún kan lọ tó wọ ilé ìwé bàbá rẹ̀ ọ̀hún. Ó jáde, ó di akọ̀wé ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba ní 1881. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1890, ó wọkọ̀ lọ sí Plymouth láti kọ́ iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ omi àti ilẹ̀ ìlú náà. Ọdún mẹ́ta ló lò. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé yàtọ̀ sí ìwé sọ̀fíyọ̀, ó gba ìwé-ẹ̀rí orin láti Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba ti fayolíìnì lọ́tọ̀. Ó dé sí Èkó ní 1893, ó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba lọ́sàn-án, ó sì ń ta fayolíìnì níbi kọ́ńsáàtì lálẹ́.

Mo mọ ohun tí iṣẹ́ méjèèjì ń gbà. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ ń wá ìlà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹni tó ń ta fayolíìnì ń wá ibi tí ìka yóò tẹ̀ lórí igi tí kò ní àmì kankan. Gìtá ní irin tó pààlà sí ọrùn rẹ̀, fayolíìnì kò ní. Tí ìka rẹ bá fi bí ìbú irun yẹ̀, gbogbo yàrá ló máa gbọ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ máa ń bẹ̀ mí pé kí n fi sẹ́lótéèpù sàmì sí i fún wọn. Mo máa ń ṣe é fún sáà kan, kí n tó yọ ọ́, tí wọ́n bá sì sunkún, kí wọ́n sun ún.

Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti sọ nípa fayolíìnì Macaulay, kò sì ní dùn mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú. Kò dé ìta. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì, yóò wọ kóòtù, yóò jókòó sórí àga, yóò pa ẹnu mọ́ títí orin yóò fi tán, kó tó pàtẹ́wọ́. Yorùbá wo ló ń gbọ́ orin tí kì í gbè é? Ìyá ẹlẹ́ja ní Ìsàlẹ̀-Èkó, tí yóò torí Macaulay ti ìsọ̀ rẹ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ owó orí omi, kò lè mọ̀ láé pé ọwọ́ tó ń kọ ìwé ẹ̀sùn sí gómìnà ni ọwọ́ tó ń fa irun ẹṣin lórí okùn. Ó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1946, kò sì sí agbo fayolíìnì kan tó jókòó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní òpópónà.

Ọ̀rọ̀ Davies wá kàn. Ní 1862, ní Brighton, ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó: Àìná, ọmọ Òkè-Odàn, tí àwọn ará Dàhòmì kó lẹ́rú ní kékeré, tí ọba wọn sì fi ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ, bí ẹni ń fi adìyẹ ránṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí ní Èkó lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Victoria náà ni wọ́n sọ ọ́. Ọbabìnrin ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Ọmọ yìí dàgbà, ó fẹ́ Dókítà John Randle ní 1890. Ọdún kan náà tí Macaulay gbéra lọ sí Plymouth ni.

Ọdún yẹn kan náà ni ọmọ ọdún 15 kan gbé fayolíìnì wọ Royal College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Samuel Coleridge-Taylor ni. Dókítà ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, ó ti padà sí Áfíríkà kí wọ́n tó bí i. Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ní Croydon ló tọ́ ọ, olórin sì pọ̀ nínú wọn. Bàbá ìyá rẹ̀, Benjamin Holmans, tó ń fi bàtà irin wọ ẹṣin fún oúnjẹ òòjọ́, ló fi fayolíìnì lé e lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó yà sí ọ̀nà orin kíkọ sílẹ̀, ó ń darí ẹgbẹ́ olórin, ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní fayolíìnì, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì sì mọ̀ ọ́n nígbà tí orin rẹ̀ lórí Hiawatha jáde ní 1898. Ní 1905, ó tẹ orin 24 jáde fún píánò, tó gbé ka orí orin àwọn aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà àti Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Oloba. Orin Yorùbá ni, Victoria Randle ló sì gbé e fún un. Owó 50 pọ́n-ùn bàbá ra ìwé fún ilé ìwé Macaulay. Ọmọ fi orin ilé ránṣẹ́ sí ọmọ Sàró tó ń ta fayolíìnì ní Croydon. Coleridge-Taylor kú ní 1912, ọmọ ọdún 37 péré, òtútù àyà ló pa á.

Mo ti ta Oloba fún àwọn òbí tó ń béèrè lọ́wọ́ mi. Inú wọn ń dùn. Àmọ́ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n gbé àga wọn súnmọ́ kì í ṣe Oloba.

Gòjé ni. Ní Lọ́kọ́ja, ẹni tí kò tíì rí fayolíìnì rí ti rí gòjé, pàápàá ẹni tó bá dàgbà ní Kabawa tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà àtijọ́. Àwọn Haúsá àti Nupe wà nínú ìlú yìí láti ìgbà Baikie. Oríṣi igi kan ni ọrùn gòjé, wọ́n tì í bọnú ààbọ̀ igbá, wọ́n fi awọ awọ́nríwọ́n bo ojú igbá náà, wọ́n dá ihò kan sára awọ kí ohùn lè ráyè jáde. Irun ìrù ẹṣin tí wọ́n kó jọ ni okùn rẹ̀, okùn kan ṣoṣo. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń fà á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, irun ẹṣin náà ló wà lórí rẹ̀. Irun lórí irun. Onígòjé kì í tẹ okùn mọ́ igi bí mo ṣe ń tẹ tèmi, orí afẹ́fẹ́ ló ti ń fi ìka kàn án, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi ń yọ́ láti orí kan sí èkejì bí ohùn Yorùbá gan-an, láìsí pé ó fò. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fa okùn mẹ́rin, mi ò tíì lè ṣe ohun tí ìka méjì onígòjé ń ṣe lórí okùn kan nígbà tó bá ń pe orúkọ ènìyàn.

Bí gòjé ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà tí gbogbo nǹkan ń gbà ló gbà. Obì ń gòkè lọ, ẹṣin àti awọ ń sọ̀ wá, Ìlọrin wà láàárín. Màálámù àti oníṣòwò ń rìn, olórin ń tẹ̀ lé wọn. Ogun náà ní tirẹ̀. Nígbà tí Dayspring, ọkọ̀ ojú omi Baikie, fọ́ mọ́ òkúta nítòsí Jẹ́bà ní 1857, Glover, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá inú rẹ̀, gba orí ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó, àwọn Haúsá tó ti jẹ́ ẹrú rí sì tẹ̀ lé e. Àwọn ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Haúsá ní Èkó. Glover yìí ni Èkó ń pè ní Gólóbà, òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn kọ́ńsáàtì níbi tí àwọn aláfẹ́ ti ń gbọ́ orin òyìnbó. Orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo wà lára gbọ̀ngàn fayolíìnì, ó sì wà nínú ìtàn àwọn tó bá a ti ọ̀nà gòjé wá.

Ohun tí Yorùbá fi gòjé ṣe ni sákárà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, láàárín àwọn Mùsùlùmí ní Ìlọrin, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, orin yìí gbilẹ̀. Ìlù sákárà fúnra rẹ̀, òrùka amọ̀ sísun ni, tí wọ́n fi èèkàn kéékèèké na awọ ewúrẹ́ sí lójú. Ọwọ́ kan ń fi ọ̀pá lù ú, ìka ọwọ́ kejì ń tẹ awọ láti ẹ̀yìn kí ohùn lè gòkè tàbí sọ̀. Wọ́n ní igbá tí wọ́n ń fi òrùka ọwọ́ lù. Mólò, ohun èlò olókùn tí wọ́n ń fi ìka ta, ni wọ́n ń ta sí i láyé àtijọ́. Nígbà tó yá, gòjé gba àyè rẹ̀. Gòjé ló sábà máa ń dá nìkan sọ̀rọ̀ ṣáájú, bí ẹni ń wẹ ọ̀nà ọ̀fun, kí olórin tó gbẹ́nu lé e, lẹ́yìn náà yóò máa tọ ohùn olórin lẹ́yìn, kò ní bá a dọ́gba pátápátá, kò sì ní jìnnà. Abíbù Olúwa, Salami Balógun tí wọ́n ń pè ní Lẹ́fítì, àti Yusufu Ọlátúnjí tó kú ní 1978, àwọn àgbà tí orúkọ wọn kò lè parẹ́ nínú rẹ̀ nìyẹn. Baba Lẹ́gbà ni wọ́n ń pe Ọlátúnjí. Joseph ni orúkọ rẹ̀ kó tó gba ẹ̀sìn Ìmàle, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń ya àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi lẹ́nu.

Kì í ṣe gbogbo ẹnu ló ń yìn ín o. Ní ilẹ̀ Haúsá, gòjé wà nídìí bòòrí, níbi tí ẹ̀mí ti ń gun ènìyàn, àwọn màálámù sì kórìíra rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi ní Lọ́kọ́ja pé ohun èèlò Èṣù ni. Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì náà kò gbà kí n gbé gòjé wọlé, ó ní òun kò fẹ́ ìjọ́gbọ̀n pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ. Ó kàn gbà kí n gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Yusufu Ọlátúnjí ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ó sì máa ń wá mú mi níbẹ̀, kì í sì í tètè dé.

Abíbù Olúwa, nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tó ṣe láyé Macaulay, gbé orin kan fún Macaulay fúnra rẹ̀. Ó kì í, ó yìn ín. Ohun tí mo ń rò lórí èyí nìyí. Ọkùnrin kan gba ìwé-ẹ̀rí fayolíìnì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà sílé, ó ta á fún àwọn tó ní kóòtù. Nígbà tí àwọn ará Ìsàlẹ̀-Èkó fẹ́ fi orin gbé e ga, sákárà ni wọ́n fi gbé e. Orin tó gbé orúkọ onífayolíìnì dé ìta kò ní fayolíìnì nínú. Mi ò sọ ọ́ láti fi Macaulay ṣẹ̀sín. Ọkùnrin tó ní ìjọba láti bá jà kò ráyè dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí fayolíìnì fi ṣì jẹ́ àlejò nílẹ̀ wa lẹ́yìn bí ọdún 130, kó gbọ́ Abíbù Olúwa.

Àwọn tó gbìyànjú láti mú un wọlé ò ṣàì sí. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tó lo ayé rẹ̀ ní Oǹdó, lọ sí Trinity College ní 1911, ó kọ́ píánò, dùrù àti fayolíìnì, ó padà ní 1914, ó sì wà nídìí dùrù Kàtídírà ní Marina títí di 1962. Nígbà tó fi í sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló gba ipò rẹ̀, ó tún lo 30 ọdún. Ìwé tí Phillips bàbá kọ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ohùn ọ̀rọ̀ wa ló ní kí ohùn orin tẹ̀ lé, kí akọrin má baà kọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ níwájú Ọlọ́run. Nínú akọrin rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́ iṣẹ́, òun náà ọmọ ilé orin: bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, ń kọ́ni ní orin ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́. Ní 1944, ní Lọ́ńdọ̀nù, Ṣówándé kọ African Suite fún ẹgbẹ́ olókùn. Akinla ni wọ́n pe ìpín tó kẹ́yìn. Rédíò ní Kánádà lo Akinla fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi ṣí ètò orin kan, tó fi jẹ́ pé òyìnbó Toronto mọ̀ ọ́n ju ará Ọ̀yọ́ lọ. Èyí máa ń dùn mí, mo mọ̀ pé kò yẹ kó dùn mí.

Ní 1995, wọ́n ṣí MUSON Centre, ibùdó orin, ní Oníkan ní Èkó, ní ìtòsí ibi tí Dókítà Randle, ọkọ Victoria wa ìjẹlòó, kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ní 1928. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onífayolíìnì tó wà ní Nàìjíríà lónìí ti kọ́ ọ, èmi náà sì ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ fi bí a ṣe lè ṣe é han àwọn ọmọ, ọkùnrin ará Gámbíà kan ni mo máa ń fi hàn wọ́n lórí fóònù. Juldeh Camara ni orúkọ rẹ̀, Fúlàní ni, ní Basse ni wọ́n ti bí i ní 1966. Bàbá rẹ̀ fọ́jú, iṣẹ́ akéwì-olórin ni ìran wọn ń ṣe, rítì ni wọ́n ń ta. Bí mo bá gbé àwòrán rítì fún ẹnikẹ́ni ní Kabawa, gòjé ni yóò pè é: igbá, awọ, irun ẹṣin, okùn kan. Bàbá ló kọ́ ọmọ, ọmọ ń mú bàbá lọ́wọ́ káàkiri agbo. Camara wọ ẹgbẹ́ Ifang Bondi, ó lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó bá onígìtá Justin Adams ṣe àwo orin Soul Science ní 2007, lẹ́yìn náà ó di ara ẹgbẹ́ Robert Plant, ẹni tó ti fi ẹgbẹ́ Led Zeppelin gbajúmọ̀ ní gbogbo ayé. Lórí ìtàgé, ìlù ńlá àti gìtá oníná ń dún bí ààrá, Camara jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú okùn kan, ẹ sì gbọ́ ọ ketekete. Kò sí ẹni tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí kankan kó tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ló ti jáde wá.

Ní Otokiti níbí, ojú ọjọ́ ni ọ̀tá wa àkọ́kọ́. Ooru Lọ́kọ́ja kò ṣe é fẹnu sọ. Bí ọyẹ́ bá dé, igi fayolíìnì á gbẹ, èèkàn tó di okùn mú á yọ̀, ọmọ á ṣí àpótí rẹ̀, á bá okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n tú sílẹ̀ bí irun ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì àwọn tíṣà pa èèkàn náà, á di í mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà òjò ni ti gòjé: awọ á rọ̀, ohùn á wólẹ̀, ó di kí wọ́n yá iná kí wọ́n tó lè ta á. Nínú oṣù kọkànlá, ṣáájú ọyẹ́ tí òjò sì ti lọ, àwọn méjèèjì máa ń wà lálàáfíà pọ̀. Ìgbà yẹn ni mo yàn láti pe bàbá onígòjé kan láti Kabawa pé kó wá bá àwọn ọmọ mi ṣeré.

Bàbá náà dé, ó wo fayolíìnì mi, ó ka okùn rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mẹ́rin, kí lẹ ń fi mẹ́ta yòókù ṣe?”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, “Bàbá, a ń fi wọ́n pamọ́ de ọjọ́ tí ti yín bá já.” Ó ní kò tíì já lójú agbo rí, àfi ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ òun tìkára òun.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ fún okùn pọ̀. Èmi a máa fi fóònù wá ohùn, fóònù á ní kí n gbé e sókè díẹ̀, kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Bàbá kò ní fóònù tó ń kọ́ ọ. Ó bi mí pé ta ni yóò kọrin. Mo pe ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá ní kí ó kọ ohunkóhun tó bá wù ú, ó dẹtí sí i, ó yí okùn rẹ̀ títí ó fi bá ọ̀fun ọmọ náà mu, ó sì tì í síbẹ̀. Ibẹ̀ kò sí lórí fóònù mi. Ó wà láàárín ohùn méjì tí mo mọ̀. Mo tú okùn mi, àwọn ọmọ tú tiwọn, a fi etí wá a títí a fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá máa kọrin la máa ń fún okùn tẹ̀ lé, fóònù wà nínú àpò.

Mo ti tún Oloba tò báyìí fún fayolíìnì mẹ́fà àti gòjé kan. Onígòjé ló máa ṣáájú, òun nìkan, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú sákárà. Fayolíìnì á wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ni gbogbo wa á jọ gbè. Ìta gbangba la ti máa ta á, lábẹ́ igi, ní àsìkò ọdún Kérésì, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Ìlọrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí ti gbà láti wá lu sákárà. Igbá ló kù. Mo ti wá alù-igbá ní Felele, mo ti wá a ní Ganaja. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní bàbá òun ló mọ̀ ọ́n lù.